Gígòkè àti Sísọ̀kalẹ̀: Ìlànà fún Ẹni Tó Ń Gun Alùpùpù láti Al Majaz lọ sí Òkè Hajar

Al Majaz jẹ́ àdúgbò kan ní ìlú Sharjah, létí ọ̀sà Khalid, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá gbé ibẹ̀ fún ọdún kan lè gbàgbé pé òkè wà ní ilẹ̀ Ẹ́mírétì rárá, nítorí pé omi, ilé gíga àti ìmọ́lẹ̀ mọ́ṣáláṣí Al Noor ni ojú rẹ̀ ń rí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gun alùpùpù kúrò níbẹ̀ ní kùtùkùtù, tó sì kọ ojú sí ìlà-oòrùn tàbí àríwá, yóò ti wà láàárín àpáta kí wákàtí méjì tó pé. Orí ìwé yìí wà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó ń fi alùpùpù ṣe iṣẹ́ òòjọ́ tó fẹ́ fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ wo òkè, ì báà sì jẹ́ ẹni tó ra tirẹ̀ fún ìgbádùn. Kókó rẹ̀ ni pé ewu òkè kì í sábà wà nínú gígùn ún, bí kò ṣe nínú sísọ̀ rẹ̀, àti pé ọ̀nà tó dán ń tan ọlọ́kadà jẹ ju ọ̀nà tó bàjẹ́ lọ.

Àwọn òkè àti àwọn ọ̀nà wọn

Hajar, tó túmọ̀ sí òkúta ní èdè Lárúbáwá, ni orúkọ ọ̀wọ́ òkè tó bẹ̀rẹ̀ láti Musandam ní àríwá, tó gba ìlà-oòrùn Ẹ́mírétì kọjá, tó sì wọ ilẹ̀ Oman lọ. Òkè wọ̀nyí kò ní igbó bí ti Ìdànrè tàbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè; àpáta gbígbẹ ni wọ́n látòkè délẹ̀, àfonífojì jínjìn sì pín wọn níyà. Ọ̀rọ̀ méjì ni arìnrìn-àjò yóò máa bá pàdé lára àwọn àkọlé ojú ọ̀nà: “jebel”, tí í ṣe òkè, àti “wadi”, tí í ṣe àfonífojì tó gbẹ fún oṣù púpọ̀ nínú ọdún, ṣùgbọ́n tó máa ń di odò nígbà tí òjò bá rọ̀.

Ọ̀nà tó yẹ kí ẹni tuntun kọ́kọ́ gbà ni èyí tó lọ láti Sharjah sí Khor Fakkan, ìlú etíkun tí í ṣe ti Sharjah bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè ló là wọ́n láàárín. Ọdún 2019 ni wọ́n ṣí ọ̀nà náà. Ó gùn tó kìlómítà 89, ó sì gba inú ihò márùn-ún tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ òkè kọjá, èyí tí Al Sidra, tó gùn tó mítà 2,700, jẹ́ èyí tó gùn jù nínú wọn. Ọ̀nà yìí fẹ̀, kọ́nà rẹ̀ kò sì le, nítorí náà ó dára fún kíkọ́ bí ara ṣe ń rí nínú afẹ́fẹ́ òkè àti nínú ihò abẹ́ òkè. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà Kalba, tó gba Maleiha àti Wadi al Helo kọjá, àti ọ̀nà Hatta, ìlú orí òkè tí í ṣe ti Dubai.

Jebel Jais ní Ras Al Khaimah ni òkè tó ga jù lọ tí àwọn ọlọ́kadà ilẹ̀ náà ń lọ, nítorí pé orí rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní mítà 1,900 sókè ju òkun lọ, kọ́nà sì tẹ̀ lé kọ́nà lórí ọ̀nà rẹ̀ fún nǹkan bí 30 kìlómítà. Jebel Hafeet ní Al Ain kò ga tó o, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀, tí kò gùn ju kìlómítà 11.7 lọ, ní 60 kọ́nà. Ipa mẹ́ta ni wọ́n pín ọ̀nà náà sí: méjì fún àwọn tó ń gòkè, ẹyọ kan péré fún àwọn tó ń sọ̀. Ìpín yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́, nítorí pé ibi tí ọlọ́kadà ti nílò àyè jù lọ ni wọ́n ti fún un ní èyí tó kéré jù.

Ìdí tí ọ̀nà tó dán fi léwu

Ẹni tó kọ́ ọ̀kadà ní Èkìtì tàbí ní Oǹdó ti ní olùkọ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀, ìyẹn ni kòtò. Kòtò ló ń fi agbára mú un rọra, ẹrẹ̀ ló ń kọ́ ọ láti má ṣe tẹ bíréèkì lójijì, ojú rẹ̀ sì ti mọ́ ilẹ̀ tó wà níwájú táyà lára. Lórí òkè Hajar, olùkọ́ yìí kò sí, nítorí pé ọ̀dà ọ̀nà náà dán bí awẹ́ obì, ẹ́ńjìnnì ń dún jẹ́jẹ́, ìyára sì ń ga sókè láìsí ohun tó ń ta ọlọ́kadà lólobó títí yóò fi dé kọ́nà. Ẹni tó ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bí mítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá lo ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ kí ó tó mọ̀ pé òkúta wà lójú ọ̀nà kí ó sì fọwọ́ kan bíréèkì, ó ti rin mítà 25 kí alùpùpù tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹwọ́ eré rárá. Lórí kọ́nà tí àpáta bo ojú rẹ̀, ojú lè má rí tó mítà 25 yìí. Láti inú ìṣirò yìí ni òfin àkọ́kọ́ ti jáde, pé kí ọlọ́kadà má ṣe sáré kọjá ibi tí ojú rẹ̀ lè rí tí bíréèkì rẹ̀ sì lè dá a dúró sí.

Ìwé, aṣọ àti alùpùpù fúnra rẹ̀

Ìwé-àṣẹ ìwakọ̀ ti mọ́tò kò tó fún alùpùpù ní Ẹ́mírétì. Ọlọ́kadà gbọ́dọ̀ ní ti alùpùpù. Ẹni tí alùpùpù rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí bóyá àdéhùn iṣẹ́ gbà á láyè láti gbé e kúrò nílùú, àti bóyá ìwé adójútòfò tó wà lórí rẹ̀ dé orí òkè. Ọ̀rọ̀ adójútòfò yìí le ju bó ṣe rí lójú lọ, nítorí pé ààlà ilẹ̀ náà lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn: láàárín Fujairah àti Khor Fakkan, Madha jẹ́ ilẹ̀ Oman tí Ẹ́mírétì yí ká, nínú Madha náà ni abúlé Nahwa sì wà, tí òun jẹ́ ti Sharjah. Ọlọ́kadà lè wọ orílẹ̀-èdè mìíràn kí ó sì jáde láìrí ẹ̀ṣọ́ kankan, nígbà tí ààbò adójútòfò rẹ̀ ti parí sí ààlà.

Àṣíborí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní akoto, jẹ́ dandan lábẹ́ òfin; owó ìtanràn ẹni tí kò bá dé e jẹ́ 500 dírámù pẹ̀lú àmì dúdú mẹ́rin, ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sórí ìwé-àṣẹ awakọ̀, tó jẹ́ pé bí ó bá pé 24, wọ́n lè gba ìwé-àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà kan. Èyí tó bo gbogbo orí àti àgbọ̀n ni ó yẹ fún òkè, kì í ṣe èyí tó mọ sí àtàrí. Jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn, ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ṣe pàtàkì pẹ̀lú, àní nígbà ooru, nítorí pé ọ̀dà tí oòrùn ti yan lè bó awọ ara ní kíákíá. Ní ìgbà òtútù, ẹni tó kúrò ní Al Majaz pẹ̀lú ẹ̀wù fẹ́lẹ́ lè máa gbọ̀n kí ó tó dé orí Jebel Jais, tí yìnyín pàápàá ti bọ́ sí ní ọdún 2009 àti 2017. Ìka tó ti gan kò sì lè fi ọgbọ́n tẹ bíréèkì.

Ní ti alùpùpù, ohun mẹ́rin ni kí ọlọ́kadà yẹ̀ wò kí ilẹ̀ tó mọ́. Àkọ́kọ́ ni táyà, tí a gbọ́dọ̀ wọn atẹ́gùn rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, torí pé atẹ́gùn inú rẹ̀ máa ń le sí i bí ọ̀nà bá ti gbóná, ẹni tó bá sì wọn ọ́n ní ọ̀sán lè jò ó dànù ju bó ṣe yẹ lọ. Èkejì ni bíréèkì, tí a ó ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ṣéènì, tí kò gbọ́dọ̀ dẹ̀ jù tàbí kí ó le jù. Ẹ̀kẹrin ni epo, nítorí pé kò sí ilé epo láàárín àwọn kọ́nà orí òkè. Ìsàlẹ̀ ni kí ó ti kún tánkì. Ẹni tó ń lo àpótí ìfijíṣẹ́ oúnjẹ lẹ́yìn alùpùpù yóò ṣe dáadáa bí ó bá tú u kúrò, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó ń já wá láti ẹnu àfonífojì ń gbá àpótí náà mú bí ìgbà tó bá gbá ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi, a sì ti ẹ̀yìn ti alùpùpù sí ipa ọ̀nà mìíràn.

Ṣíṣẹ́ kọ́nà

Iṣẹ́ kọ́nà máa ń parí kí kọ́nà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí alùpùpù ṣì dúró ṣánṣán ni ọlọ́kadà gbọ́dọ̀ ti dẹwọ́ eré, kí ó ti yí jíà sílẹ̀, kí ó sì ti pinnu ibi tí yóò gbà, nítorí pé táyà kì í ní agbára méjì: agbára ìdìmọ́lẹ̀ tó fi ń yà náà ló fi ń dúró, bí a bá sì ná an tán sórí bíréèkì, kò ní ṣẹ́ku fún yíyà. Bí eré bá lọ sókè láti 40 sí 60 kìlómítà ní wákàtí kan lórí kọ́nà kan náà, agbára tó ń ti alùpùpù síta kò pọ̀ sí i ní ìlọ́po kan ààbọ̀, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Ó ju ìlọ́po méjì lọ. Ìdí nìyí tí kọ́nà tó rọrùn láàárọ̀ fi lè gbé ẹni kan náà ṣubú lọ́sàn-án, nígbà tó ti mọ̀ ọ́n lára tó sì fi ìwọ̀nba eré kún un.

Ojú ló ń darí ọwọ́. Ibi tí ọlọ́kadà bá tẹjú mọ́ ni alùpùpù ń lọ, nítorí náà ẹni tí ẹ̀rù bá, tó sì tẹjú mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tàbí ọ̀gbun, yóò lọ bá ohun tó ń bẹ̀rù. Kí ó yí orí pátápátá sí ibi tí kọ́nà ti jáde, kí àgbọ̀n rẹ̀ dojú kọ ibẹ̀, kódà bí táyà iwájú bá ṣì dojú kọ àpáta. Lórí kọ́nà tó ṣẹ́ bí ìwọ̀ ìpẹja, ìyẹn èyí tó dá ènìyàn padà sí ibi tó ti ń bọ̀, kí ó dúró sí ìhà ọ̀tún ipa tirẹ̀, nítorí pé mọ́tò tó ń sọ̀ lè ti ré kọjá ilà àárín kí ó tó rí i. Kò sì gbọ́dọ̀ rò pé kọ́nà tó ń bọ̀ jọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Sísọ̀kalẹ̀

Bí alùpùpù ti ń gòkè, ìwúwo rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe bíréèkì: bí ọwọ́ bá ti kúrò lórí iná, eré yóò dínkù. Bí ó ti ń sọ̀, ìwúwo yẹn kan náà ń tì í, ìwúwo náà sì ń bọ́ sórí táyà iwájú, tó fi jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn fúyẹ́, ó sì rọrùn fún un láti yọ̀. Ẹni tó bá ń lo bíréèkì nìkan láti fi di gbogbo ìwúwo yìí mú ń sọ ìwúwo di ooru, ooru yìí sì gbọ́dọ̀ rí ibì kan lọ.

Ó tọ́ kí a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú bíréèkì fínnífínní. Ọ́ìlì kan wà nínú ọ̀pá rọ́bà tó so bíréèkì ọwọ́ pọ̀ mọ́ táyà iwájú. Òun ló ń gbé agbára ìka lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 4, tó wọ́pọ̀ lára alùpùpù, kì í hó títí ooru yóò fi tó ìwọ̀n Selsiọ́ọ̀sì 230 nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n ọ́ìlì náà ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti gba omi lè hó ní nǹkan bí 155. Afẹ́fẹ́ tútù etí òkun tó wà ní Al Majaz kò ran ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́. Bí ọ́ìlì bá hó, yóò di òhóòhó, ọ̀pá tó yẹ kó kún fún ọ́ìlì tí kò ṣeé tẹ̀ pọ̀ yóò wá ní afẹ́fẹ́ tó ṣeé tẹ̀ pọ̀ nínú. Ọlọ́kadà yóò kọ́kọ́ gbọ́ òórùn bí ìgbà tí rọ́bà bá ń jó, lẹ́yìn náà bíréèkì ọwọ́ yóò máa rọ̀ bíi kàn-ìn-kàn-ìn, ní ìgbẹ̀yìn yóò wálẹ̀ títí kan ọwọ́ alùpùpù láìdá ohunkóhun dúró. Àwọn alùpùpù tí bíréèkì ẹ̀yìn wọn jẹ́ ti inú agolo irin kì í lo ọ́ìlì níbẹ̀, ṣùgbọ́n irin agolo náà máa ń wú nínú ooru, a sì máa sá fún rọ́bà tó yẹ kó dì í mú.

Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì ni kí ó jẹ́ bíréèkì àkọ́kọ́. Òfin àtijọ́ tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù ń lò bá alùpùpù mu pẹ̀lú: jíà tí a fi gun òkè ni kí a fi sọ̀ ọ́. Bí a bá fi sí jíà kejì tí a sì mú ọwọ́ kúrò lórí iná, ẹ́ńjìnnì yóò máa kùn, yóò sì máa di táyà ẹ̀yìn mú láìgbóná bíréèkì kankan. Nígbà tí bíréèkì bá di dandan, kí ó tẹ̀ ẹ́ gírígírí fún ìgbà díẹ̀ kí kọ́nà tó dé, kí ó sì tú u sílẹ̀ pátápátá kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Fífọwọ́ lé e díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló ń sè é. Àṣà fífi jíà sí fírì láti fi epo pamọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà mọ̀ láti ilé, kò gbọ́dọ̀ wáyé rárá lórí òkè wọ̀nyí, torí pé ó gba bíréèkì tó dára jù lọ́wọ́ ẹni tó nílò rẹ̀. Alùpùpù kékeré tí kò ní jíà tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ń yí kò ní ìdìmú ẹ́ńjìnnì tó pọ̀. Ẹni tó bá gbé e gòkè gbọ́dọ̀ máa dúró ní àwọn àyè ìsinmi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nígbà tó bá ń sọ̀, kí ó sì jẹ́ kí irin bíréèkì tutù kí ó tó tẹ̀síwájú. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà ló sì yẹ kí ó fi sọ̀ ọ́.

Ihò abẹ́ òkè, iyanrìn àti ẹranko

Ojú tó ti inú oòrùn Ẹ́mírétì wọ ihò abẹ́ òkè kì í rí dáadáa fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ni ní ibi tí a ti ń jáde. Ẹni tó ń lo awò dúdú gbọ́dọ̀ gbé e sókè kí ó tó wọlé, kí ó sì fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ fún mọ́tò tó wà níwájú. Ní ẹnu ibi tí a ti ń jáde, kí ó di alùpùpù mú dáadáa, torí pé afẹ́fẹ́ tí àpáta ti dá dúró lè gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ lójijì.

Ní agbègbè Maleiha, kí ọlọ́kadà tó dé òkè, iyanrìn àti ràkúnmí ni ewu. Lórí òkè, ewúrẹ́ ni. Iyanrìn fẹ́lẹ́ lórí ọ̀dà kì í ṣeé rí lọ́sàn-án gangan, nítorí náà bí ó bá fura sí i, kí ó jẹ́ kí alùpùpù dúró ṣánṣán, kí ó má fọwọ́ kan bíréèkì iwájú, kí ó sì jẹ́ kí ó gba ibẹ̀ kọjá. Bí ewúrẹ́ kan bá kọjá, kí ó dúró de èkejì.

Òjò, ooru àti ìgbà tó yẹ kí a lọ

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Òwe yìí rí ẹ̀rí tó pọ̀ tó ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí òjò tí iye rẹ̀ tó mìlímítà 254.8 rọ̀ ní ibì kan ní Al Ain láàárín ọjọ́ kan, èyí tó pọ̀ jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ àkọsílẹ̀ ní ọdún 1949. Lórí àpáta tí kò ní ewéko, omi kò ríbi wọlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń sáré lọ sínú wadi, ó sì lè kún ibi tí oòrùn ti ń ràn torí pé òkè tó jìnnà ni òjò ti rọ̀. Òfin Ẹ́mírétì kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré: láti ọdún 2023, ẹni tó bá wa ọkọ̀ wọ wadi tó kún yóò san 2,000 dírámù, yóò gba àmì dúdú 23, wọn yóò sì gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ rẹ̀ fún 60 ọjọ́. Lẹ́yìn òjò pẹ̀lú, òkúta tí omi ti tú lè máa já bọ́ sójú ọ̀nà, nítorí náà kí ó wádìí bóyá ọ̀nà òkè ti ṣí kí ó tó kúrò nílé.

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni àsìkò tó dára jù. Ní ìgbà ooru, òfin kò gba àwọn òṣìṣẹ́ láyè láti ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láàárín aago 12:30 sí 3:00 ọ̀sán, láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà sí ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó ń gun alùpùpù fún ìgbádùn kò ní àṣìṣe bí ó bá fi òfin yìí de ara rẹ̀, kí ó sì gbé ó kéré tán lítà omi mẹ́ta dání. Ọjọ́ Jímọ̀ sí Ọjọ́ Àìkú ni ìsinmi àwọn iléeṣẹ́ ìjọba Sharjah láti ọdún 2022, àwọn ọjọ́ wọ̀nyí sì ni mọ́tò ń pọ̀ lórí òkè. Ẹni tó bá lè lọ ní ọjọ́ Ajé tàbí Ìṣẹ́gun yóò rí ọ̀nà tó fúyẹ́.

Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀

Nẹ́tíwọọkì fóònù máa ń já nínú àfonífojì, nítorí náà kí ẹnì kan ní ìlú mọ ọ̀nà tí ọlọ́kadà gbà àti wákàtí tó yẹ kí ó padà dé. Bí ẹnìkan bá ṣubú, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹlòmíràn lọ sí òkè kọ́nà láti dá mọ́tò tó ń bọ̀ dúró, kí jàǹbá kan má bàa di méjì. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n pe 998 fún ọkọ̀ aláìsàn tàbí 999 fún ọlọ́pàá. Kí wọ́n má ṣe bọ́ àṣíborí lórí ẹni tó ṣubú àfi tí kò bá lè mí, kí wọ́n má sì gbé e kúrò níbẹ̀ àyàfi bí iná tàbí mọ́tò bá ń halẹ̀ mọ́ ọn. Yíya fọ́tò ẹni tí jàǹbá ṣe jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ilẹ̀ náà, nítorí náà fóònù wà fún ìpè nìkan.

Wákàtí ìpadà

Ohun tó kẹ́yìn tí ọlọ́kadà gbọ́dọ̀ pinnu kí ó tó kúrò ní Al Majaz ni wákàtí tí yóò yí padà, kì í ṣe ibi tí yóò dé. Nínú oṣù kejìlá, oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 5:30 ìrọ̀lẹ́, òjìji òkè sì ti ń bo àwọn kọ́nà kí ó tó wọ̀. Ẹni tó fẹ́ sọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dojú alùpùpù kọ ìsàlẹ̀ ní aago mẹ́rin ó pẹ́ tán, ì báà ti dé orí òkè, ì báà má dé ibẹ̀. Bí aago mẹ́rin bá bá a ní kọ́nà tó kù díẹ̀ kí ó dé òkè, ibẹ̀ ni ìrìn-àjò ọjọ́ náà parí sí, kí ó fi sí jíà kejì, kí ó sì máa bọ̀.